Wọ́n dá mi dúró níbi tí mo ti ń ṣe ọkọ̀ oníná, gbèsè ọkọ̀ ṣì wà lọ́rùn mi. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọwọ́ Bátìrì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láì dá sí i. Lónìí, ọ̀rọ̀ ti dé ọrùn.

Ọdún 5 ni mo fi ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ọkọ̀ oníná ní Texas. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ibi tí wọ́n ti ń to bátìrì pọ̀ ni mo wà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo fi káàdì mi kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, iná pupa ló tàn. Mo tún un kàn, pupa náà ni. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ ní kí n yẹ ímeèlì mi wò. Orí fóònù níbẹ̀ ni mo ti kà á pé ipò mi kò sí mọ́. Mo jókòó sínú ọkọ̀ fún bíi wákàtí kan kí ọwọ́ mi tó balẹ̀ tí mo lè wà á lọ sílé.

Ìwé kan tẹ̀ lé e. Tí mo bá fọwọ́ sí i, wọ́n á san owó oṣù 2 fún mi, èmi náà á sì gbà pé mi ò ní pè wọ́n lẹ́jọ́ láéláé. Ọmọ ọdún 43 ni mí. Mo ní gíríìnì káàdì. Ìyàwó mi kì í ṣiṣẹ́ pé ọ̀sẹ̀, nítorí náà abẹ́ iṣẹ́ mi ni ìbánigbófò ìlera gbogbo wa wà, ọmọbìnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 sì ní ikọ́ fée. Ojoojúmọ́ ló ń lo oògùn.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ọkọ̀. Oníná lèmi náà ń wà, mo sì ń san gbèsè rẹ̀ fún báńkì. Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó họ ìlẹ̀kùn rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn níbi tí mo gbé e sí. Ọmọ mi ní kí n máa já òun sílẹ̀ kí a tó dé iwájú ilé ìwé, kí àwọn ẹgbẹ́ òun má bàa rí i. Ṣé kí n tà á ni?

Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á bá mi kẹ́dùn, àbí wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ ẹni tó bá irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Fremont

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ á dáa.

Má fọwọ́ sí ìwé yẹn lónìí. Má fọwọ́ sí i lọ́la. Èmi náà ti dúró síbi tí o dúró sí yìí, níléeṣẹ́ mìíràn, ní California. Ọjọ́ kejì gan-an ni mo fọwọ́ sí tèmi, torí mo rò pé wọ́n á yí ohùn padà lórí owó náà. Kò sẹ́ni tó lé mi. Ẹ̀rù ara mi ló lé mi, mo sì ń kábàámọ̀ rẹ̀ títí dòní.

Nípa ìtìjú tí o ń sọ, jọ̀ọ́, gbé e sọ nù. Wo Tesla, iléeṣẹ́ ọkọ̀ oníná, torí ọ̀rọ̀ tiwọn hàn sí gbogbo ayé. Nígbà tí ọdún 2023 parí, òṣìṣẹ́ 140,473 ni wọ́n ní. Ní oṣù kẹrin 2024, Elon Musk tó jẹ́ ọ̀gá àgbà wọn kọ̀wé sí gbogbo wọn pé àwọn máa dín iye yẹn kù pẹ̀lú ohun tó ju ìdá 10 nínú 100 lọ. Ní Austin nìkan, èèyàn 2,688 ló wà nínú ìwé tí wọ́n kọ sí ìjọba Texas. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni Drew Baglino kéde pé òun ń lọ, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún 18. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n tún tú ẹ̀ka Supercharger ká, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ ibi tí ọkọ̀ ti ń gba iná: bí 500 èèyàn, títí kan Rebecca Tinucci tó jẹ́ ọ̀gá wọn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka yẹn ni mo fẹ́ kí o rò dáadáa. Ní 2023, Ford àti GM tí wọ́n jọ ń bá Tesla du ọjà ló fẹnu ara wọn sọ pé ọkọ̀ àwọn á máa gba iná níbẹ̀. Ta ló tún lè jẹ́rìí iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ju ẹni tó ń bá a du ọjà lọ? Síbẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e ni Tesla lé àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka náà, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń pe àwọn kan nínú wọn padà. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún ọ pé àìmọ̀ṣẹ́ ló gbé ọ jáde, kò mọ bí nǹkan ṣe ń lọ níbẹ̀.

Kì í ṣe ibì kan ṣoṣo náà, àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ oníná mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀. Rivian dín ìdá 10 nínú àwọn tó ń gba owó oṣù lọ́dọ̀ wọn kù ní oṣù kejì 2024. Lucid dín bí 1,300 kù ní 2023. Fisker wọ ilé ẹjọ́ lọ sọ pé àwọn ti wọko gbèsè ní oṣù kẹfà 2024.

Lálẹ́ yìí, kí o tó sùn, mú ìwé, kọ gbogbo ohun tí o rántí sílẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n gbà ọ́, owó tí wọ́n ń san, àwọn ẹ̀rọ tí o ti lò, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí o ṣe, ohun tí ọ̀gá rẹ kọ nípa iṣẹ́ rẹ lọ́dọọdún. Tí o bá ṣì lè wọ ibi tí ìwé owó oṣù rẹ wà, tọ́jú wọn. Àmọ́ má fọwọ́ kan fáìlì iléeṣẹ́ o. Ẹyọ kan péré lè sọ ẹjọ́ tí o jàre di èyí tí o jẹ̀bi.

Amòfin Houston

Ẹ kú àmúmọ́ra, sà. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni mò ń ṣe, àmọ́ èmi kọ́ ni agbẹjọ́rò yín, mi ò sì tíì fojú kan ìwé náà. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń ṣe ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní Texas. Ohun tí mo kọ síhìn-ín, kí ẹ lè mọ ìbéèrè tí ẹ máa bi í ni.

Ẹ ní ọmọ ọdún 43 ni yín. Ọjọ́ orí yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà láti 1990 tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ tó ti pé ọdún 40. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin àti ẹlòmíràn ni wọ́n jọ dá dúró lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì fẹ́ kí ẹ yááfì ẹ̀tọ́ yín láti pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí ọjọ́ orí, ó kéré tán wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní ọjọ́ 45 láti rò ó. Lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ sí i pàápàá, ẹ ṣì ní ọjọ́ 7 láti yí ọkàn padà. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ fún yín ní àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àti ọjọ́ orí àwọn tí wọ́n mú àti àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ẹ̀ka yín. Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé náà bóyá ó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rí ojú ewé yẹn, wọ́n á rò pé kò kan àwọn, wọ́n á sì ṣí i kọjá.

Èkejì ni òfin tí wọ́n ń pè ní WARN, ti 1988. Iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ta àwọn òṣìṣẹ́ lólobó ní ọjọ́ 60 ṣáájú kó tó dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró lójú kan náà. Tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè di dandan kó san owó ọjọ́ tó jẹ. Ní báyìí, ẹ wo owó oṣù 2 tí wọ́n fi ń lọ̀ yín. Ọjọ́ 60 ni oṣù 2. Ṣé owó tí wọ́n dìídì fẹ́ fún yín ni, àbí owó tí òfin ti ní kí wọ́n san tẹ́lẹ̀? Tó bá jẹ́ gbèsè tí wọ́n ti jẹ yín ni, a jẹ́ pé wọ́n ń fi owó yín ra ẹ̀tọ́ yín lọ́wọ́ yín. Ìbéèrè yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ bi lọ́yà, kí ẹ tó jókòó dáadáa.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ rí. Ní oṣù kẹfà 2022, òṣìṣẹ́ 2 tí Tesla dá dúró ní Sparks, ní Nevada, pè wọ́n lẹ́jọ́ ní Texas pé wọn kò ta àwọn lólobó. Adájọ́ ní kí iléeṣẹ́ náà kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ pé ẹjọ́ wà nílẹ̀ kí ó tó ní kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé tó máa gba ẹ̀tọ́ ìpẹ̀jọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹjọ́ àwọn méjèèjì fúnra wọn bọ́ sọ́wọ́ onílàjà torí ìwé tí wọ́n ti fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n ń gbà wọ́n síṣẹ́. Nítorí náà, ẹ wá ìwé ọjọ́ àkọ́kọ́ yín jáde náà.

Kúkúrú ni èyí tó kù. Ní Texas, owó iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 6 lẹ́yìn tí wọ́n dá yín dúró. Ẹ sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Texas Workforce Commission, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, fún owó àìríṣẹ́ṣe lọ́sẹ̀ yìí gan-an, ẹ má dúró dìgbà tí ọ̀rọ̀ ìwé yẹn bá yanjú.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti oògùn ọmọ yìí torí òun ló ká mi lára jù.

Ẹ pe àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ọjọ́ wo gan-an ni ìbánigbófò wa dópin? Àwọn iléeṣẹ́ kan ń gé e lọ́jọ́ tí wọ́n dá èèyàn dúró, àwọn mìíràn ń jẹ́ kó di ìparí oṣù. Tó bá ṣì ku ọjọ́ díẹ̀, ẹ gba oògùn ọmọ náà kí ọjọ́ yẹn tó pé. Ẹ ní kí dókítà kọ ti oṣù 3 lẹ́ẹ̀kan, tí ìbánigbófò yín bá gbà á.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ìwé COBRA ránṣẹ́ sí yín. Òun ló máa jẹ́ kí ẹ lè dúró nínú ìbánigbófò tí ẹ wà tẹ́lẹ̀, bí oṣù 18, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo owó rẹ̀, títí kan apá tí iléeṣẹ́ ń bá yín san. Owó náà máa ń já èèyàn láyà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ rèé: ẹ ní ọjọ́ 60 láti pinnu, tí ẹ bá sì gbà á lọ́jọ́ kejìdínlọ́gọ́ta, ó máa padà sẹ́yìn ká ọjọ́ tí ìbánigbófò ti dópin, tí ẹ bá ti san owó ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ìyẹn ni pé ẹ lè fi í pamọ́ sẹ́yìn títí ẹ ó fi rí òmíràn. Tí nǹkan burúkú bá ṣẹlẹ̀ láàárín, ká má rí i, ẹ ó gbà á. Tí kò bá ṣẹlẹ̀, ẹ ò ní san kọ́bọ̀.

Láàárín ọjọ́ 60 yẹn náà lẹ lè lọ sí HealthCare.gov, ìkànnì ìjọba tí èèyàn ti ń ra ìbánigbófò fúnra rẹ̀, torí ẹni tí ìbánigbófò iṣẹ́ já mọ́ lọ́wọ́ kò ní láti dúró de ìgbà ìforúkọsílẹ̀ ọdọọdún. Ẹ ṣírò owó tí ẹ rò pé ó máa wọlé fún yín títí ọdún á fi parí, ẹ má lo ti ọdún tó kọjá. Ti ọmọ, ẹ béèrè CHIP, ìbánigbófò ìlera tí ìjọba ń ṣe fún àwọn ọmọdé. Kò ní àsìkò. Ìgbàkigbà nínú ọdún lẹ lè béèrè, owó tó ń wọlé wà lára ohun tí wọ́n á wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dín oògùn ọmọ kù kó lè pẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo ti rí àwọn òbí tó ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí iṣẹ́ tó bọ́, wàrà-wàrà la sì gba ọmọ náà wọlé lóru.

H-1B Ló Gbé Mi Wá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Èmi náà gba irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, iṣẹ́ sọ́fítíwíà lèmi ń ṣe. H-1B ni mo ní, ìyẹn ìwé àṣẹ tí àjèjì fi ń bá iléeṣẹ́ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní wọ́n á san owó oṣù 3 fún mi. Ṣé oṣù 3 yẹn ni mo ní láti fi wá iṣẹ́ mìíràn?

Amòfin Houston

Rárá o, àbúrò. Ọjọ́ 60 lẹ ní, ó sì lè dín tí déètì tó wà lórí I-94 yín (ìwé tó ń sọ ìgbà tí àyè ìdúró yín nílùú dópin) bá ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ tí iṣẹ́ dópin ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n san owó iṣẹ́ kẹ́yìn ni wọ́n sábà máa ń wò, kì í sì í ṣe owó ìdádúró ni wọ́n ń pè ní owó iṣẹ́. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n lè fi yín sílẹ̀ nínú ìwé owó oṣù fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i dípò kí wọ́n kó owó náà fún yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn kan máa ń gbà. Owó kan náà ni, àmọ́ ọjọ́ tó máa fún yín yàtọ̀.

Tí iléeṣẹ́ tuntun bá fi ìwé yín ránṣẹ́ sí USCIS, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìwé àwọn àjèjì, kí ọjọ́ 60 tó pé, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn láì dúró de èsì. Tí kò bá sí iṣẹ́, ẹ lè béèrè láti yí ipò yín padà, bóyá sí H-4 tí ìyàwó tàbí ọkọ yín bá ní H-1B, tàbí sí B-2, ìyẹn ti àlejò. Ẹ má sá jáde kúrò nílùú láì bá ẹni tó mọ òfin ìwọ̀lú sọ̀rọ̀: láti oṣù kẹsàn-án 2025 tí wọ́n kéde owó 100,000 dọ́là lórí ìwé H-1B tuntun fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi, ọ̀rọ̀ jíjáde ti di ohun tí èèyàn ń rò lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá sì di dandan kí ẹ padà sílé kí àkókò ìwé yín tó parí, ẹni tó gbà yín síṣẹ́ ló yẹ kó san owó ọkọ̀ òfuurufú yín.

Awakọ̀ Seattle

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Jẹ́ kí n bá wọn sọ ti ọkọ̀, torí Model Y ti Tesla ni mò ń wà láti 2021.

Nígbà tí mo rà á, àwọn aládùúgbò ń jáde wá wò ó. Wọ́n ń bi mí bó ṣe ń lọ, wọ́n ń kí mi kú oríire. Ní 2023, òun ni ọkọ̀ tí wọ́n tà jù lọ lágbàáyé. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ẹnì kan fi bébà há abẹ́ wípà mi, ọ̀rọ̀ tó kọ síbẹ̀ kò ṣeé ka sétí ọmọdé. Ọkọ̀ kan náà ni. Ohunkóhun kò yí padà lára rẹ̀.

Kí ló fà á? Àwọn kan ń sọ pé ìṣèlú Musk nìkan ni. Ìyẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́: ó ná ohun tó lé ní 250 mílíọ̀nù dọ́là sórí ìdìbò 2024, ó sì wá di ojú tí gbogbo èèyàn ń rí nínú bí wọ́n ṣe ń dá òṣìṣẹ́ ìjọba dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Ní Jámánì, ọkọ̀ Tesla tuntun tó wọ ojú títì ní oṣù kìíní 2025 fi bí ìdá 60 nínú 100 dín sí ti oṣù kan náà lọ́dún tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ti ń pẹ́ lójú àwọn èèyàn, BYD àti àwọn ará Ṣáínà yòókù ti dé, Tesla sì tún dá iṣẹ́ dúró díẹ̀ láti pààrọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe Model Y. Gbogbo rẹ̀ ló wọ́ pọ̀. Ọkọ̀ 1,808,581 ni Tesla kó fún oníbàárà ní 2023. Ní 2025, ó ti wá sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.64. Nígbà tí ọjà bá fà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to bátìrì ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ gé e, wọn kì í gé e lọ́dọ̀ ẹni tó sọ̀rọ̀ tó bí aráyé nínú. Ìyẹn ló ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ta ọkọ̀ náà. Ẹ pe báńkì, ẹ béèrè iye tó kù gan-an tí ẹ bá fẹ́ san án tán lónìí. Lẹ́yìn náà ẹ wo iye tí wọ́n ń ra irú rẹ̀. Iye ọkọ̀ oníná àlòkù ti já wálẹ̀ gidigidi: Tesla fúnra wọn gé owó ọkọ̀ tuntun wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, Hertz tó ń fi ọkọ̀ háyà kéde ní oṣù kìíní 2024 pé àwọn máa ta 20,000 ọkọ̀ oníná, wọ́n sì tún fi kún un lẹ́yìn náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dínwó owó orí 4,000 dọ́là tí ìjọba ń fún ẹni tó ra àlòkù dópin ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2025, pẹ̀lú 7,500 ti ọkọ̀ tuntun. Tí gbèsè yín bá ju iye tí wọ́n fẹ́ rà á lọ, tí ẹ bá tà á, ẹ̀yin lẹ máa mú owó jáde láti fi kún un, lásìkò tí owó kò wọlé. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún báńkì lónìí, kí ẹ tó pàdánù oṣù kan, pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ yín, kí wọ́n sún owó oṣù 1 tàbí 2 sí ẹ̀yìn. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú ni wọ́n ń ṣàánú.

Ti ìlẹ̀kùn tí wọ́n họ, apá ìbánigbófò tí wọ́n ń pè ní comprehensive ló ń kárí irú rẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà ìwé ọlọ́pàá, ẹ ya fọ́tò, ẹ wo iye tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ fúnra yín kí ẹ tó mọ̀ bóyá ó tó béèrè.

Mo Ti Ta Tèmi

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó sọ̀rọ̀ kí n tó dé, àmọ́ èmi ta tèmi, mi ò sì kábàámọ̀. Tesla ni. Mo pàdánù owó níbẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé ní gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó sínú rẹ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀. Mo sì wà lára àwọn tó dúró láti fi ẹ̀hónú hàn níwájú ibi tí wọ́n ti ń tà wọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2025, ọjọ́ tí àwọn èèyàn dúró bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú lágbàáyé. Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró ni. Obìnrin náà ń sunkún bó ṣe gbé páálí rẹ̀ sókè.

Ọwọ́ Bátìrì, ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún yín ni pé mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn wa níbẹ̀. N kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sí òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀rọ. Ẹni tó họ ìlẹ̀kùn yín kò ṣe é fún wa, kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ wa. Ẹni tó dá iná sun ọkọ̀ ní Las Vegas lóṣù yẹn, kò ràn wá lọ́wọ́. Ẹ̀yin àti obìnrin yẹn, irú ímeèlì kan náà lẹ gbà. Tí mo bá mọ̀ yín ni, màá pè yín wá jókòó tì í.

Ẹ sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín.

Olùkọ́ Dallas

Ọmọ ọdún 12 ni mò ń kọ́, nítorí náà mo mọ ojú yẹn dáadáa. Ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ níbi tó bá fẹ́. Má bá a jà lórí ìyẹn, bàbá wa. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ̀yin àti òun jókòó sínú ọkọ̀ náà níwájú ilé, kí ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ ti bọ́, kí ó má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ibi tí bátìrì wà hàn án, lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe níbẹ̀ lójoojúmọ́: bí ẹ ṣe ń mọ̀ pé ìsopọ̀ kan kò dáa, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ìdílé kan lójú títì tí ẹ bá gbójú fò ó. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ ohun tí òbí wọn ń ṣe níbi iṣẹ́. Orúkọ tó wà lára ọkọ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀, òun náà ni àwọn ẹgbẹ́ wọn fi ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹlẹ́rọ Iná

Iṣẹ́ tó kàn ńkọ́? Torí bí ẹ bá wá ọ̀rọ̀ "ọkọ̀ oníná" nìkan, ẹ máa rò pé ilẹ̀kùn ti tì.

Bátìrì tí ẹ ń tò kò mọ̀ bóyá inú ọkọ̀ lòún wà tàbí inú àpótí onírin ńlá lẹ́yìn ilé iṣẹ́ mànàmáná. Ẹ wo ibẹ̀. Bátìrì ńlá tí Tesla gbé kalẹ̀ fún títọ́jú iná jẹ́ 14.7 GWh (òṣùwọ̀n iye iná tí bátìrì lè gbà) ní 2023, ó di 31.4 ní 2024, ó sì di 46.7 ní 2025, ọdún kan náà tí iye ọkọ̀ wọn ń já wálẹ̀. Ford kéde ní oṣù kejìlá 2025 pé àwọn máa sọ ilé ẹ̀rọ bátìrì àwọn ní Kentucky di ibi tí wọ́n ti ń ṣe irú bátìrì bẹ́ẹ̀. Texas gan-an wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń gbé e kalẹ̀ jù ní Amẹ́ríkà, ẹ ò sì ní láti kó kúrò nílé.

Nínú ìwé iṣẹ́ yín, ẹ má jẹ́ kí orúkọ iléeṣẹ́ ló máa sọ̀rọ̀ fún yín. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ti ṣiṣẹ́ lórí iná alágbára gíga láìsí jàǹbá fún ọdún 5, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ti iná pa kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí iná ti ń jò. Tí ẹ kò bá tíì ní ìwé ẹ̀rí NFPA 70E, ìlànà ààbò fún àwọn tó ń fọwọ́ kan iná lẹ́nu iṣẹ́, ẹ lọ ṣe é báyìí tí ọwọ́ ṣì dilẹ̀. Ohun tí àwọn ọ̀gá ibẹ̀ máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.

Tí wọ́n bá sì bi yín lẹ́nu ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ohun tí ẹ rò nípa ẹni tó ni iléeṣẹ́ tí ẹ ti kúrò, ẹ má gbè é, ẹ má sì bú u. Ẹ ní: "Bátìrì ni wọ́n gbà mí láti tò, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń tò ó." Mo ti jókòó sí ìhà kejì tábìlì yẹn. Ẹni tó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni a gbà.

Ọwọ́ Bátìrì

Ẹ ṣé. Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ tó.

Àkọsílẹ̀ ọjọ́ orí tí Amòfin sọ wà lẹ́yìn ìwé náà lóòótọ́, ojú ewé kọkànlá. Mo ti ṣí i kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Èèyàn 6 ni wọ́n mú nínú ẹ̀ka wa, 5 nínú wa ti kọjá ọdún 40. Mo ti rí lọ́yà kan. Ìbéèrè oṣù 2 yẹn ni mo kọ́kọ́ bi í, ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n tún un sọ.

Ìbánigbófò wa dé ìparí oṣù. Oògùn oṣù 3 ti wà nílé, ìyàwó mi sì ti kọ ìwé CHIP. Báńkì sún owó oṣù 2 fún wa. Ọkọ̀ ṣì wà níwájú ilé.

Mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, mo sọ ọ́. Nígbà tí a jáde, ọkùnrin méjì tẹ̀ lé mi dé ibi ìgbọ́kọ̀sí. Wọ́n ti dá àwọn náà dúró láti ọdún tó kọjá, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. A dúró síbẹ̀ títí gbogbo èèyàn fi lọ tán.

Ọmọ mi ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ kí a tó dé iwájú ilé ìwé. Àmọ́ lánàá, kó tó sọ̀ kalẹ̀, ó bi mí iye bátìrì kéékèèké tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òun. Mo sọ fún un pé wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ó jókòó díẹ̀ sí i.

Ọjọ́ kejìdínlógún nínú 45 lónìí. Mi ò tíì fọwọ́ sí i. Lọ́yà ní kí n padà wá ní Ọjọ́rú.